Ọ̀rọ̀-Ìṣe Mẹ́ta, Olùwà Kan: Bí Ìtàn Ìṣẹ̀dá inú Bíbélì Ṣe Dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú



Níbi ìsìnkú kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, etí mi ni oníwàásù ọ̀dọ́ kan ṣe bá ìyá àgbàlagbà kan wí. Ohun tí ìyá náà sọ kò ju "Ẹlẹ́dàá mi, mo dúpẹ́" lọ. Oníwàásù ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ abọ̀rìṣà nìyẹn, ẹ pe Jésù." Ìyá dákẹ́. Ó dùn mí, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú Bíbélì tó gbé dání: ẹ wo Ìwé Oníwàásù orí 12, ẹsẹ 1.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ajayi Crowther, ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Odindi rẹ̀ parí ní 1884. Nígbà yẹn, Ìjẹ̀bú kò tíì fàyè gba míṣọ́nnárì. Ogun Ìmàgbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún 1892, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ilẹ̀ wa tipátipá. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fi gbilẹ̀. Ìwé ti parí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa tí à ń pe ọmọ ní "ọma" wá ń ka ìtàn ìṣẹ̀dá ní èdè tó sún mọ́ ti Ọ̀yọ́.

Èdè ṣàjèjì díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì. Àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé omi ló wà kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ lé e, tí àkùkọ sì tàn án ká. Nínú Jẹ́nẹ́sísì náà, omi wà kí ilẹ̀ tó yọ. Ará Ìwòpin tàbí Mákùn-Omi, ní Ogun Waterside, tó ń jí rí ọ̀sà lójoojúmọ́, kò nílò àlàyé gígùn lórí ìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta: dá, mọ, mí. À ń dá oko, à ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá wà. Inú dá ni ẹ̀dá ti jáde; oní àti ẹ̀dá ló di Ẹlẹ́dàá. Lédè Hébérù, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni bara, Ọlọ́run nìkan ló sì ń jẹ́ olùwà rẹ̀. Dá tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn náà ń dá nǹkan. Mọ ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò. Òun ni wọ́n lò ní Jẹ́nẹ́sísì orí 2, níbi tí Ọlọ́run ti fi erùpẹ̀ ṣe ènìyàn. Yatsar, ọ̀rọ̀ Hébérù ibẹ̀, jẹ́ ti amọ̀kòkò pẹ̀lú. Wọ́n tú u re!

Ṣùgbọ́n ta ló ń mọ ènìyàn létí àwọn bàbá wa? Ọbàtálá ni. Olódùmarè á pàṣẹ, á sì fi èémí sí i. Ọbàtálá á mọ ara. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, ẹnì kan ló dá, òun ló mọ, òun náà ló mí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà. Olùwà ló yí.

Bólájí Ìdòwú, tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, ní 1962, pé Yorùbá ti mọ Ọlọ́run kan ṣoṣo tó ga jù kí míṣọ́nnárì tó dé. Mo gbà. Síbẹ̀, ìyípadà olùwà kì í ṣe nǹkan kékeré. Aboyún tó ti ń bẹ Ọbàtálá pé kó bá òun mọ ọmọ inú òun dáadáa, ẹlòmíràn ló kù kó bẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn àgbà máa ń pe orí ẹni ní Ẹlẹ́dàá pẹ̀lú, ìyẹn ló ń ba oníwàásù lẹ́rù. Àmọ́ tá a bá ní ká yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí abọ̀rìṣà ti lò rí kúrò nínú Bíbélì, kí ló máa kù? Ọlọ́run gan-an kò ní kù síbẹ̀, torí ẹnu wọn la ti gbọ́ ọ. Ìyá yẹn mọ ẹni tó ń pè. Ẹ jẹ́ kó máa pè é.