Wọ́wé

Ewé lè rọ, ó lè pọ́n, ó lè gbẹ: ewé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ. Ṣùgbọ́n igi ló ń wọ́wé. Igi fúnra rẹ̀ ló gbọn ewé kúrò lára, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bí ọyẹ́ bá dé Àbújá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á máa fa omi jáde láti inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé, nígbà tí gbòǹgbò kò rí omi tó nínú ilẹ̀. Igi á kọ́kọ́ pa ihò náà dé. Abscisic acid ni èròjà inú rẹ̀ tó ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀dá bá le sí i, àràbà, tíìkì àti emi, igi tí òrí ti ń wá, á fa oúnjẹ inú ewé padà sínú ẹ̀ka, wọn á dí ìdí ewé pa, ewé á sì já. Máńgòrò àti dóńgóyárò kì í sábà tú ara wọn síhòòhò báyẹn.

Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá gé igi tó wọ́wé nítorí wọ́n rò pé ó ti kú. Ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka rẹ̀ wò. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó sì ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Àní orí ẹ̀ka tí kò léwé yìí ni emi ti ń yọ òdòdó nínú ẹ̀ẹ̀rùn.