Ta Ló Ni Omi? Ìtàn Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ ní Erékùṣù Kánárì

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn omi. Etí odò àti àkùrọ̀ ló ti máa ń ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilẹ̀ gbígbẹ kan ló ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú Liverpool àti London. Ilẹ̀ náà ni Erékùṣù Kánárì, tó wà nínú òkun lẹ́bàá Mòrókò, lábẹ́ ìjọba Sípéènì.

Kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó di òwò níbẹ̀, kòkòrò kan tí wọ́n ń sìn lórí ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń tà, nítorí aró pupa tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe gba ọjà, òwò kòkòrò náà dẹnu kọlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní láti wá nǹkan mìíràn gbìn.

Ọ̀nà Èkó ló bá wọn tún un ṣe. Àwọn ọkọ̀ Elder Dempster tó ń ná Liverpool sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń dúró ní Kánárì láti ra èédú. Alfred Jones, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, rí i pé ọkọ̀ tó ń padà sílé lè kó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Jones yìí kan náà wà lára àwọn tó dá báńkì tó di First Bank lónìí sílẹ̀ ní 1894.

Ọjà ti wà, omi ńkọ́? Òjò kì í pọ̀ létí òkun níbẹ̀. Orí òkè ni òjò àti ìkùukùu ti ń rọ omi sílẹ̀, tí omi náà á sì wọnú àpáta lọ. Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ ihò gbọọrọ wọnú ẹ̀gbẹ́ òkè títí wọ́n fi bá omi. Ní Tenerife nìkan, irú ihò bẹ́ẹ̀ ju 1,000 lọ. Omi á ṣàn gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún un, á sì dé ibi ìkómisí tó wà lẹ́bàá oko.

Ṣùgbọ́n owó ńlá ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò. Àwọn ènìyàn dáwó jọ, wọ́n sì pín omi bí ẹni pín èrè: ẹni tó dáwó ní wákàtí tirẹ̀, ẹni tí kò dáwó á rà á. Àgbẹ̀ lè ní ilẹ̀ tó pọ̀, kí ó má ní ẹ̀kán omi kan. Nígbà tí omi inú àpáta ń lọ sílẹ̀, ihò ń jìn sí i, owó náà sì ń pọ̀ sí i. Ó pẹ́ kí páìpù tó ń kán omi sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó dé láti dín ìfiṣòfò kù.

Àwa tí a ń kọ́ ìtàn Yorùbá, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ló máa ń gba ẹnu wa. Lóòótọ́ ni pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ní Tenerife, omi ní olówó. Tí a bá ń ka ìtàn irè oko èyíkéyìí, ẹ jẹ́ ká máa béèrè ẹni tó ni omi pẹ̀lú.