Ìdí Ìbọn: Láti Kírìjì títí dé Bọ́mà

Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Àkókó, ìbáà ṣe ará Ìkàrẹ́, Ọ̀kà tàbí Etioro, kò ní ṣàì ti gbọ́ bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń sá gun orí àpáta nígbà tí àwọn Tápà láti Bídá bá ń gbógun bọ̀. Ìtàn òkè a máa dùn létí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń bèèrè irú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lórí òkè náà. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè rẹ̀ lónìí, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ ìbọn wà lára ohun tí ó mú kí ogun Kírìjì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí aṣẹ́gun.

Ṣakabùlà ni ìbọn ìgbà náà. Ẹnu ni a ti ń kì í. A ó rọ ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó sì kó ọta lé e. Bí òjé bá wà, ó dára; bí kò bá sí, àkúfọ́ irin tí alágbẹ̀dẹ gé wẹ́wẹ́ ti tó. Bí ohun èlò ara rẹ̀ kan bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ a yọ irú rẹ̀ lára ògbólógbòó mìíràn, a fi ayùn irin ha á díẹ̀, a sì kàn án mọ́ ọn. Kò ní rẹwà, ṣùgbọ́n yóò dún.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe irú àkànmọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1853, wọ́n ṣe ìbọn Enfield, èyí tí a ń ti ẹnu kì. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ìbọn tí a ń ti ìdí kì yára jù ú lọ. Wọn kò da ti àtijọ́ nù. Ní nǹkan bí 1866, wọ́n gé ìdí ọ̀pá rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ìdí tuntun tí Jacob Snider gbèrò dè é, èyí tí ó ń ṣí bí ìlẹ̀kùn. Ìbọn àgbà di ìbọn ọmọdé! Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Snider.

Ìbọn yìí ni ó dé ọwọ́ àwọn Èkìtì Parapọ̀. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó rà á ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ará Ìbàdàn, tí àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dí ọ̀nà òkun mọ́, kò rí irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìró ìbọn náà láàárín àwọn òkè ni wọ́n sọ pé ó fún ogun náà ní orúkọ.

Kí ni ó wá dé tí Èkìtì Parapọ̀ kò fi lé Ìbàdàn lọ pátápátá? Ọ̀pọ̀ ń sọ ti ìgboyà Ìbàdàn, n kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n Snider kì í jẹ àkúfọ́ irin. Ọta tirẹ̀, tí ó ní ẹ̀tù àti ìṣáná nínú karawun kan náà, ni ó ń jẹ, kò sì sí alágbẹ̀dẹ Iléṣà tí ó lè rọ ọ́. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, ọ̀pá lásán ni. Ọta Snider kò tilẹ̀ wọ inú Martini-Henry, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lẹ́yìn rẹ̀ ní 1871, bẹ́ẹ̀ ni ti Martini kò wọ inú Snider. Látòóṣà kú sí ibùdó ní 1885. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí ibùdó tó tú.

Bídá ṣubú ní 1897, àwọn baba wa sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn wọṣẹ́ ológun, Lee-Enfield ni wọ́n fà lé wọn lọ́wọ́. Irin kan wà nídìí rẹ̀ tí a ń fà sẹ́yìn, tí a sì ń tì síwájú, tí wọ́n ń pè ní bóòtù. Ibi tí ó le jù lọ nìyí. Nọ́ńbà ìbọn náà ni wọ́n máa ń kọ sára bóòtù, nítorí ìbọn kan ṣoṣo ni wọ́n há a fún. Bí o bá mú bóòtù ìbọn ẹlòmíràn bọ inú tìrẹ, ó lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó sì tún yìn. Ṣùgbọ́n bí àyè bá pọ̀ jù láàárín orí bóòtù àti ìdí ọta, karawun lè ya, kí èéfín gbígbóná padà sí ojú ẹni tí ó yìn ín. Ti ìbọn àgbà àti ti ìbọn àbúrò kò tilẹ̀ ṣe é pààrọ̀: orí bóòtù ti Mark III ti 1907 ní ìkọ́ tí ó ń rìn lóde ara ìbọn, ṣùgbọ́n ti No. 4, tí wọ́n fi jagun Hitler, inú ni ó ń gbà. Wọ́n ṣe orí bóòtù No. 4 ní ìwọ̀n mẹ́rin, 0 títí dé 3, kí alágbẹ̀dẹ ológun lè fi ìwọ̀n mú èyí tí ó bá ìbọn kọ̀ọ̀kan mu.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà ní 1944 àti 1945 mọ nọ́ńbà ìbọn wọn bí orúkọ ara wọn. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá ìbọn àti bóòtù padà fún ìjọba. Àwọn tí ó jẹ́ ọdẹ láàárín wọn sì tún gbé ṣakabùlà wọn tọ alágbẹ̀dẹ lọ.