Ojú Oríta: Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn àti Àwùjọ ní Yunifásítì, láti Ìbàdàn dé Ọ̀jọ́

Ní ojú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ilé ẹ̀kọ́ gíga méjì tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní ìtòsí ara wọn. Ọ̀kan ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Èkejì ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà ní Ìjànikin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́, tí òun náà di yunifásítì ní ọdún 2022. Ní Ọ̀jọ́, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò jẹ́ orúkọ tí àwọn yunifásítì àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń jẹ́, ìyẹn ìmọ̀ nípa Ọlọ́run bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́ àlàáfíà ni wọ́n so pọ̀ nínú orúkọ tirẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán nìyí, ṣùgbọ́n ìpinnu tó wà nídìí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wáyé ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí yunifásítì tó dé Ọ̀jọ́.

Ọdún 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà títí di ọdún 1962, tí Ìbàdàn fi dá dúró. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ọlọ́run ní yunifásítì mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀: Bíbélì, èdè Hébérù àti èdè Gíríìkì, ìtàn ìjọ àti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Àwọn tó dá ẹ̀ka ti Ìbàdàn sílẹ̀ rí i pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní bá ìlú yìí mu. Inú ìlú tí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ òrìṣà ti ń gbé pọ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pè é ní Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn.

Geoffrey Parrinder, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ló wá ṣe olùkọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1949. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Áfíríkà nígbà náà. Láti ọdún 1933 ni ó ti wà ní Dàhómì, níbi tó ti ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. James Welch, tó ti jẹ́ olórí ètò ẹ̀sìn ní ilé-iṣẹ́ rédíò BBC lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka náà ní ọdún 1950. Parrinder ló mú kí ẹ̀sìn àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ inú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kà kó tó gboyè. Ọdún 1967 ni Ninian Smart ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tó lókìkí sílẹ̀ ní Lancaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ìbàdàn ló ṣáájú, kì í ṣe pé ó tẹ̀lé.

Ohun tó mú iṣẹ́ Parrinder wúlò fún ẹni tó ń wádìí àwùjọ ni ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1953 lórí ẹ̀sìn ní ìlú Áfíríkà kan. Ìbàdàn gan-an ni ìlú náà. Kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ló kọ́kọ́ wò: àwọn tó ń bọ òrìṣà, àwọn Mùsùlùmí, àwọn ìjọ tí òyìnbó dá sílẹ̀, àti àwọn ìjọ Aládùúrà tí ọ̀pọ̀ àlùfáà ìgbà náà kò kà sí. Gbogbo wọn ló kó sínú ìwé kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ará ìlú kan náà. Ìwé rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ní 1954, tó pe ẹ̀sìn àbáláyé Áfíríkà ní ẹyọ kan bí ẹni pé kò ju ọ̀kan lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni òkìkí rẹ̀ kàn jù.

Lẹ́yìn Parrinder, ọmọ Ìkòròdú ló wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́. A bí Bọ́lájí Ìdòwú ní ọdún 1913, ó di òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1955. Ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde ní 1962. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé Olódùmarè kan ṣoṣo ni Yorùbá mọ̀ ní olórí ohun gbogbo, àti pé àwọn òrìṣà jẹ́ ìránṣẹ́ tó ń bá a ṣàkóso. Ó kọ̀ láti gbà pé Èṣù ni ọ̀tá Ọlọ́run tí Májẹ̀mú Tuntun ń sọ, bí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, ṣe mú kí ó rí. Lójú Ìdòwú, bí a bá tilẹ̀ fẹ́ fi Èṣù wé ẹnìkan nínú Bíbélì, Sàtánì inú ìwé Jóòbù, tó ń jíṣẹ́ níwájú Ọlọ́run, ló sún mọ́ ọn.

Okot p'Bitek ti ilẹ̀ Ùgáńdà bínú sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ Áfíríkà tó kẹ́kọ̀ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń wọ aṣọ Gíríìkì fún àwọn ọlọ́run baba wọn kí òyìnbó lè bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Olódùmarè inú ìwé Ìdòwú jọ Ọlọ́run orí àga ìwàásù Mẹ́tọ́díìsì jù bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀ ẹsẹ Ifá, oríkì àti òwe ni Ìdòwú fi ń jẹ́rìí, ẹni tó bá sì fẹ́ ta ko ìdájọ́ rẹ̀ lè lo ẹ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ.

Ní ọdún 1967 ni ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ jọ́nà tirẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní *Oríta*. Ibi tí ẹ̀sìn mẹ́ta ti pàdé ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ta ni Yorùbá mọ̀ mọ́ oríta? Èṣù ni. Àwọn tó pọ̀ jù nínú olùdásílẹ̀ ẹ̀ka náà jẹ́ oníwàásù, orúkọ tí wọ́n sì yàn fún iṣẹ́ wọn ni ilé ẹni tí Bíbélì wọn kà sí ọ̀tá.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì fẹ̀ bákan náà. Jọ́nà náà ń gba àpilẹ̀kọ lórí Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá àti Ìsìláàmù dá dúró lọ́tọ̀, Ibùdó Àkójọ Ìwé Lárúbáwá tí John Hunwick dá sílẹ̀ ní 1964 kò sì sí lábẹ́ òrùlé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ní agbo tirẹ̀. Ní ti ẹ̀sìn àbáláyé, Welch, Parrinder àti Ìdòwú tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lélẹ̀, òjíṣẹ́ ìjọ ni gbogbo wọn. Babaláwo jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Kì í ṣe òun ló ń pinnu ìbéèrè tí wọn yóò bi í.

Ẹ̀kọ́ inú yàrá náà kò sì dúró sínú yàrá. Nínú ìwé kékeré kan tó jáde ní 1965, Ìdòwú béèrè pé kí ìjọ Kristi ní Nàìjíríà bọ́ aṣọ àyálò òyìnbó kúrò. Nígbà tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972, ó gbìyànjú láti ṣe ohun tó ti kọ. Ìwé òfin tuntun ti ọdún 1976 sọ ọ́ di Pátíríákì, pẹ̀lú àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti oyè mìíràn. Inú kò dùn sí i ní gbogbo ibi. Ìjọ náà pín sí méjì, apá kan tẹ̀lé Pátíríákì, apá kejì di ètò àtijọ́ mú, ọdún 1990 ni wọ́n sì tó parí ìjà. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé oyè Pátíríákì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àbáláyé. Láti inú ìjọ ìlà-oòrùn àtijọ́ ni ó ti wá. Bí Ìdòwú bá ti bọ́ aṣọ Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, aṣọ Alẹkisáńdíríà ló gbé wọ̀.

Àpẹẹrẹ yìí ló yẹ kí ẹni tó ń wo iṣẹ́ Ọ̀jọ́ fi sọ́kàn. Àyíká tí yunifásítì yẹn bọ́ sí kò dà bí ti Ìbàdàn ọdún 1949. Ilẹ̀ Àwórì ni, àwọn Ògù tí Sàngbétọ̀ ń ṣọ́ ìlú wọn kò jìnnà, ọjà Alábà sì ti kó àwọn Ìgbò oníṣòwò wá pẹ̀lú ìjọ wọn. Ojú ọ̀nà kan náà ló lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí Thomas Birch Freeman dé ní 1842. Ibi tí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá ti so mọ́ ẹ̀kọ́ àlàáfíà, ìbéèrè rẹ̀ kì í tún ṣe ohun tí Olódùmarè jẹ́ nìkan, bí kò ṣe bí àwọn tó ń pè é ní oríṣiríṣi orúkọ yóò ṣe máa gbé ojúlé kan náà.

Ọ̀rọ̀ Èṣù pàápàá kò tíì parí. Nínú ìwé tí Tóyìn Fálọlá ṣe olóòtú rẹ̀ lórí Èṣù ní 2013, Danoye Oguntola-Laguda ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ, lórí àyànmọ́ àti ibi nínú ẹ̀sìn Yorùbá. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí Ìdòwú ti kọ̀wé tirẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń kà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì láti Òkokomáíkò dé Ìjànikin, Èṣù ṣì ni orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run.