Ọ̀nà Jíjìn sí Inú Òtútù: Ìtàn Owó àti Ìrìn Àjò Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Cryonics Tó Ń Gbé Òkèèrè

Cryonics ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní fífi òtútù pa òkú mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é kò ní gbà fún wa. Wọn kì í pe ẹni tó wà nínú àgbá wọn ní òkú. Aláìsàn ni wọ́n ń pè é. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ iṣẹ́ náà yọ ní 1965, láti ara kryos, ìyẹn òtútù nini. Ṣùgbọ́n ìtàn owó àti ti ọ̀nà jíjìn ni mo fẹ́ sọ. Kí ni ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, Amẹ́ríkà ni àwọn àgbá náà wà?

Ní 1962, Robert Ettinger, olùkọ́ físíìsì kan ní Michigan, fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé The Prospect of Immortality jáde. Ilé ìtẹ̀wé ńlá gbà á ní 1964. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí ìṣègùn òní kò lè wò sàn, ẹ fi í sínú òtútù de ìṣègùn ọ̀la. Ní January 12, 1967, wọ́n ṣe é fún James Bedford, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹni ọdún 73 tí jẹjẹrẹ pa ní California. Òun ni àkọ́kọ́. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò sí ẹnì kan tó tíì jí nínú gbogbo wọn.

Owó ló kọ́kọ́ da ilé náà rú. Robert Nelson, ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kó tó di alága ẹgbẹ́ cryonics ti California, kó àwọn òkú sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní ibi ìsìnkú Chatsworth ní Los Angeles. Àwọn ẹbí ni yóò máa dáwó náítrójínì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọdún kìíní wọ́n á san, ọdún kejì wọ́n á san, tó bá yá, wọn ò ní gbé fóònù mọ́. Náítrójínì olómi wà ní −196°C, ó sì ń fẹ́ lọ lójoojúmọ́ bí omi inú ìkòkò tó wà lórí iná. Bí ẹ kò bá rọ òmíràn sí i, ohun tó wà níbẹ̀ á yọ́. Nígbà tí àṣírí tú ní 1979, àwọn òkú ti jẹrà. Ní 1981 ilé-ẹjọ́ ní kí Nelson àti asìnkú tó bá a ṣiṣẹ́ san owó gbà-máà-bínú fún àwọn ẹbí. Bedford kò sí lára wọn, torí àwọn ẹbí rẹ̀ fúnra wọn ló ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn títí Alcor fi gbà á ní 1982.

Láti ìgbà yẹn ni kò ti sí àwìn mọ́. Gbogbo owó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹni náà tó wọ àgbá. Wọ́n á ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀, èrè orí rẹ̀ ni wọ́n á máa fi ra náítrójínì. Alcor, tó wà ní Scottsdale ní Arizona, ń gba $80,000 fún orí nìkan, ó sì ń gbà ju $200,000 lọ fún odindi ara. Cryonics Institute tí Ettinger dá sílẹ̀ ní Michigan ní 1976 ń gba $28,000, ṣùgbọ́n owó yẹn kò kan bí òkú ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ lápò? Adójútòfò ẹ̀mí ni ọ̀pọ̀ ń rà. Wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù láti ìgbà èwe, wọ́n á sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbi tó yẹ kí orúkọ ìyàwó tàbí ọmọ wà.

Ibẹ̀ ni ìyọnu ará òkèèrè ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi owó ìlú rẹ̀ ra adójútòfò, dọ́là sì ni gbèsè tó máa san. Pọ́n-ùn tó ń ra $1.50 ní ọjọ́ tí wọ́n dìbò Brexit ní June 2016 ti já sí nǹkan bí $1.22 ní October. Ẹ̀yin tí ẹ mọ náírà, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí owó pé tán, ọ̀nà ṣì wà nílẹ̀. Láti ìṣẹ́jú tí ọkàn bá ti dúró ni ara ti ń bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ti dúró létí ibùsùn pẹ̀lú omi yìnyín, kí wọ́n máa tẹ àyà òkú kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, kí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi ara di yìnyín rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yìnyín gbígbẹ, tó wà ní −78°C. Àwa tí a mọ wàhálà gbígbé òkú láti Lọ́ńdọ̀nù wálé mọ ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé àṣẹ àti àpótí onírin. Tiwọn tún le sí i, torí yìnyín gbígbẹ wà lára ẹrù eléwu tí àwọn bàálù ní òfin lé lórí. Bí ikú bá sì jẹ́ òjijì, ìjọba lè ní àfi kí wọ́n la òkú wò.

Ìdí nìyí tí Alcor fi ń rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ikú ti sún mọ́ pé kí wọ́n wá dúró sí Scottsdale. Àmọ́ aláìsàn tó ṣì ń mí gbọ́dọ̀ gba físà. Òkú ò gba físà ní tirẹ̀.

Ẹjọ́ tó hàn jù ni ti ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí jẹjẹrẹ ń pa lọ ní 2016. Òfin ò jẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí adájọ́. Ìyá rẹ̀ gbà, bàbá tí kò rí i láti 2008 kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nǹkan bí £37,000 ni ètò tó rẹlẹ̀ jù, àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló sì wá a. Ní October, Adájọ́ Peter Jackson ní kí ìpinnu wà lọ́wọ́ ìyá nìkan. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe cryonics ni òun ń dá láre, ìjà òbí méjì ni òun ń parí. Ọmọ náà kú ní October 17. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló tọ́jú òkú rẹ̀ kó tó wọ bàálù. Ilé ìwòsàn kò dùn sí bí ètò náà ṣe lọ, pàápàá bí ọkàn ìyá ṣe wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ń kú lọ. Èmi ò lè dá ìyá náà lẹ́bi. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe?

Raymond Martinot, dókítà kan ní Faransé, gbìyànjú láti má lọ síbì kankan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ní 1984, ó gbé e sínú ẹ̀rọ amómidìyìnyín ní abẹ́ ilé ńlá rẹ̀, nǹkan bí −65°C. Nígbà tí òun náà kú ní 2002, ọmọ rẹ̀ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá. Òfin Faransé kò mọ̀ ju sísin àti sísun lọ. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù nípa ọ̀rọ̀ ìjọba fọwọ́ sí i ní January 2006. Ẹ̀rọ náà sì bàjẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ sun àwọn méjèèjì níná.

Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú òfin. Ní Arizona, ẹni tó fi ara sílẹ̀ fún ìwádìí ni ẹni inú àgbá. Ní Michigan, láti 2004, ibi ìsìnkú ni ìjọba ka ilé Ettinger sí. Irú àgbá kan náà, irú náítrójínì kan náà. Ẹni tó ń kọ̀wé láti òkèèrè gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun fẹ́ jẹ́, torí ìwé tó máa fọwọ́ sí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀nà ti ń kúrú díẹ̀. Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní Ṣáínà, Jinan gba ẹni àkọ́kọ́ ní 2017. Holbrook ní Ọsirélíà gba tirẹ̀ ní 2024. Ní Europe, Rafz ní Switzerland ni ilé wà.

Ettinger kú ní July 2011, ẹni ọdún 92, nílé rẹ̀ ní Michigan. Ìyá rẹ̀ ni Cryonics Institute kọ́kọ́ gbà, ní 1977; àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yìnyín ti wà nítòsí dè é, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì wà létí ibùsùn. Òun kò wọ bàálù kankan.