Ìròyìn Tí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Ń Gbé Wá

Ẹ̀yin òbí, ilé-ìwé ìjọba ní Duluth wà lábẹ́ káúńtì Gwinnett. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí a ń dìbò yàn ló ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́. J. Alvin Wilbanks wà níbẹ̀ láti 1996 títí di 2021. Ohun tí ìgbìmọ̀ mọ̀, láti ẹnu ọ̀gá ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ wo Atlanta tó múlé tì wá. Beverly Hall di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1999. Èsì ìdánwò ń gòkè, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọ̀gá tó pegedé jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 2009. Àṣé àwọn olùkọ́ kan ń pa ìdáhùn àwọn ọmọ rẹ́, wọ́n ń fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò! Ìwé ìròyìn Atlanta Journal-Constitution ló fura. Ní 2011, àwọn olùwádìí tí gómìnà yàn dárúkọ olùkọ́ àti ọ̀gá 178 ní ilé-ìwé 44. Hall ní òun kò mọ̀ sí i títí ó fi kú ní 2015. Èyí tó dùn wá jù ni ti ọmọ tí kò mọ̀wé kà: kò rí ìrànlọ́wọ́, nítorí máàkì rẹ̀ ní ó ti yege.

Ìgbìmọ̀ Gwinnett ń ṣèpàdé lóṣooṣù ní Suwanee. Òbí lè wọlé, ó sì lè sọ̀rọ̀.