Kí Ni Ká Pe Ilẹ̀ Tí Wọ́n Dá Sí?

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ ìyá àgbà kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ́fíìsì ìlú ló fi í ránṣẹ́. Ọmọ ọmọ wọn túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lálẹ́, màmá ò sì fojú kan oorun mọ́. Wọ́n pè mí ní kùtùkùtù: "Ọmọ mi, ta ni mo ṣẹ̀? Wọ́n ní kí n wá síbi ìgbẹ́jọ́."

Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ló fẹ́ kọ́lé sínú igbó tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Kí ìgbìmọ̀ tó ń fètò sí ìlú tó lè fọwọ́ sí i, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí oníkálukú wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe ìpàdé yẹn, ilé ẹjọ́ náà ń lò ó. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ṣìnà. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìjókòó ìtagbangba ni. Ẹnu yín ni wọ́n fẹ́ gbọ́." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba oorun lójú wọn, òmíràn ló dá a padà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni wíwá orúkọ fún nǹkan.

Kí ló dé tí lẹ́tà fi wá sọ́dọ̀ wọn, tí kò lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò? Orí 40A nínú ìwé òfin Massachusetts ló sọ ọ́: ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ náà, ẹni tí ó kọjú sí i lódìkejì títì, àti ẹni tó bá àwọn wọ̀nyí pààlà, bí ilẹ̀ tirẹ̀ kò bá ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ẹnu ààlà. "Aládùúgbò" ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ máa ń kọ síbẹ̀. Kò tó. Aládùúgbò lè gbé ojúlé kẹwàá. Ààlà ni òfin ń wò, ààlà ò sì ṣàjèjì sí wa: nílé, bí wọ́n bá fẹ́ wọn ilẹ̀, wọn á ní kí àwọn tó yí i ká wá jẹ́rìí sí ibi tí pèrègún wà. "Abánipààlà" ni mo ń kọ. Nígbà tí mo pe màmá bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀hẹ́n, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni."

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni orúkọ irú ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Ká ní ilẹ̀ náà jẹ́ éékà 20, òfin ìlú sì ní ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní éékà kan. Bí a bá yọ ojú ọ̀nà àti àbàtà kúrò, ó lè gba ilé 16. Dípò kí ilé 16 yìí fọ́n ká títí igbó á fi tán, ìlú lè gbà kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó lórí ìdajì éékà. Éékà mẹ́jọ ló bá ilé lọ nìyẹn. Bí ọ̀nà bá gba méjì, mẹ́wàá ṣẹ́kù bí Ọlọ́run ṣe dá a. Iye ilé ò yí padà. Èrò náà ti pẹ́: ní 1929, Clarence Stein àti Henry Wright bẹ̀rẹ̀ Radburn ní New Jersey, níbi tí ilé ti kọjú sí pápá àjọní. Ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún náà gan-an, wọn ò rí i parí. Ní 1964, William H. Whyte gbé ìwé jáde lórí irú ìkọ́lé yìí.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni "agboolé", nítorí agbo ilé náà ni. Mo tètè fi í sílẹ̀. Agboolé ní baálé, ó ní oríkì, ẹ̀jẹ̀ ló sì so àwọn ará ibẹ̀ pọ̀. Àwọn tó fẹ́ ra ilé wọ̀nyí ò mọ ara wọn rí. Mo gbé "ìṣùpọ̀ ilé" wò. Màmá bi mí pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ há àwọn èèyàn mọ́ra bẹ́ẹ̀ ni?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìṣùpọ̀ sọ bí ilé ṣe jókòó, kò sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó o jọ.

Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó o jọ ni ilẹ̀ tó ṣẹ́kù. Bí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, ó lè dá ìrókò kan sí. Kì í ṣe pé ó gbàgbé rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Mo wá ṣẹ̀dá "ìkọ́lé-dálẹ̀sí", inú mi sì dùn sí i, títí mo fi fi ránṣẹ́ lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni tó gbà á ní òun rí "dalẹ̀" níbẹ̀, ó bi mí pé ta ni ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò di ẹ̀sùn lọ́jọ́ tí àmì bá jábọ́ lára rẹ̀ kò yẹ nínú ìwé ìjọba. Mo yí i padà sí "ilẹ̀ àdásí", odindi rẹ̀ sì di "ìṣùpọ̀ ilé onílẹ̀-àdásí". Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Òfin náà ò fi ilẹ̀ àdásí sílẹ̀ láìní olówó. Ó lè di ti ìlú, tàbí ti ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídáàbò bo ilẹ̀, tàbí kí àwọn onílé ibẹ̀ jọ ní in. Bí kì í bá ṣe ìlú ló gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé de ilẹ̀ náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé gbígbé síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ibùdó ọkọ̀. Ìwé yẹn kò kú mọ́ ẹni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. "Àdéhùn" ni mo rí nínú àwọn ìtumọ̀ kan, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn: ẹni méjì tó ṣe àdéhùn lè tú u ká. Nínú èdè wa, èèwọ̀ ni ohun tó ń de ẹni tó dé lónìí àti ẹni tí yóò dé lọ́la. "Èèwọ̀ àkọsílẹ̀" ni mo pè é.

Àwọn tó kù ò le tó bẹ́ẹ̀. "Sẹ́tíbáàkì", ìyẹn àyè tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ilé àti ààlà, ti wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá kọ́lé rí, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ihò tí wọ́n ń gbẹ́ láti wo bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi kí wọ́n tó ṣe sókawéè, "ìdánwò ìmumi ilẹ̀" ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má pe adágún tó ń kún nígbà tí yìnyín bá yọ́, tó sì ń gbẹ nígbà ooru, ní "kòtò omi". Nítorí pé ó ń gbẹ ni ẹja ò fi lè gbé inú rẹ̀ jẹ ẹyin àkèré. Ẹni tó bá gbọ́ kòtò, yẹ̀pẹ̀ ló máa ní kí wọ́n dà sí i.

Màmá lọ síbi ìjókòó náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi ìgbìmọ̀, èmi ni mo ṣògbufọ̀: "Ta ni yóò ni igbó tó bá kù?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ irú ìwé yìí fún àwọn àgbà, ohun kan ṣì kù. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti fi ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú, 20 ọjọ́ péré ni ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọjọ́ tí akọ̀wé gbà á ni ẹ ó ti ka, kì í ṣe ọjọ́ ìjókòó. Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò pé gan-an sókè ìwé náà, kí ẹ sì fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.